Ọjọ́ Tí Wọ́n Fi Ìyá Han Ìtúnú

Iná orí ilẹ̀kùn ṣì pupa. Àyọ̀ká dúró níwájú rẹ̀, ó gbé àwo pẹrẹsẹ mọ́ àyà, ó fi aṣọ bo ohun tó wà lórí rẹ̀. Kò gbọdọ̀ wọlé. Bí iná bá ṣì pupa, tí ọmọ inú yàrá bá fojú kan ohun orí àwo, wàhálà dé nìyẹn. Wọ́n ti lé olùfihàn kan lọ rí nítorí pé atẹ́gùn ṣí aṣọ orí àwo rẹ̀. Atẹ́gùn ló ṣí i o, kì í ṣe òun. Wọ́n ṣì lé e lọ. Ìdí nìyí tí Àyọ̀ká fi fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ etí aṣọ náà mọ́lẹ̀, tó ń mí sínú ìbòjú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń jí èémí.

Ó ń gbọ́ ohùn wọn láti inú yàrá.

"Ohun kan wà tí ojú ń rí," ni Afọ̀nàhàn ń wí. Ohùn rẹ̀ kò ga, kò rẹlẹ̀. "Ohun kan sì wà tí ojú kò rí, tó fara pamọ́ sẹ́yìn èyí tí ojú rí. Kí ni à ń pè é?"

"Inú," ni ọmọ náà dáhùn.

"Ṣé gbogbo ohun tó ní ẹ̀yìn ló ní inú?"

"Rárá. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀yìn nìkan ló ní. A ní láti bi í léèrè."

"Báwo la ṣe ń bi í léèrè?"

"A máa ń ṣí i. Tàbí ká dúró dè é."

Ọ̀rọ̀ náà kò yé Àyọ̀ká tán. Ìwé díẹ̀ ló kà, ìyẹn náà sì jẹ́ ti ayé àtijọ́, nígbà tí olùkọ́ máa ń gbé ọsàn méjì sókè kó tó kọ́ ọmọ ní èjì. Níbí, wọn a kọ́ ọmọ ní èjì títí èjì yóò fi mọ́ ọn lára bí awọ, kí wọ́n tó jẹ́ kó mọ̀ pé ohun kan wà tó ń jẹ́ ọsàn. Kò lè sọ pé kò dára. Ta ni òun tí yóò sọ ọ́?

Iná di àwọ̀ ewé. Ilẹ̀kùn ṣí fúnra rẹ̀.

Ìtúnú jókòó sórí ẹní nínú aṣọ funfun. Lókè orí rẹ̀ ni Afọ̀nàhàn rọ̀ sí, funfun, ó rí bí akèrègbè tí wọ́n tan iná sí nínú. Àyọ̀ká kúnlẹ̀, ó gbé àwo kalẹ̀, ó ká aṣọ kúrò.

Ẹyin adìẹ kan ni.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni wọ́n ti ń kọ́ ọmọ yìí ní inú, wọn kò sì fi ohun kan hàn án. Oúnjẹ tó ń jẹ pàápàá, oúnjẹ lásán ni, kò ní orúkọ. Ó wo ẹyin náà yípo. Ó gbé e, ó fi í sétí, ó mì í. Ó wá gbá a mọ́ etí àwo, pẹ̀lẹ́, ó tún gbá a, títí èèpo fi sán. Nígbà tí pupa ẹyin yọ jáde, Àyọ̀ká sáré tẹ́ ọwọ́ sí i kó má bàa dà sílẹ̀. Ọmọ náà la ẹnu, kò sì lè pa á dé.

"Ó wà níbẹ̀," ló wí jẹ́jẹ́. Omijé dé ojú rẹ̀. "Ó wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà."

Àyọ̀ká rò pé yóò wo òun. Nítorí pé àtẹ́lẹwọ́ òun ni nǹkan náà wà, ó rò pé bó bá tilẹ̀ ṣe díẹ̀, ojú ọmọ náà yóò gba ọwọ́ gòkè dé ojú. Ṣùgbọ́n òkè pátápátá ni Ìtúnú gbójú sí.

"Bí o ṣe sọ ọ́ náà ló rí, Afọ̀nàhàn. O kì í purọ́ fún mi."

O. Kò sọ pé ẹ, bí ẹni ń bá ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀ ni. Ohun kan ta Àyọ̀ká láyà bí ata. Òun ló lọ sí ilé adìẹ láàárọ̀. Òun ló yan ẹyin yìí láàárín àwọn yòókù, tó fi í sí abíyá kó lè lọ́wọ́ọ́rọ́, kí òtútù rẹ̀ má bàa dẹ́rù ba ọmọ. Ta ló mọ̀? Wọn kì í wo olùfihàn. Ta ní í wo tábìlì kó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀?

Ó fi aṣọ bo èèpo ẹyin, ó sì fi ẹ̀yìn rìn jáde.

*

Ní ibi ìfọ̀wo, Bàbá Rábì ti ká ọwọ́ ẹ̀wù sókè. Òun ló ń fọ àwo gbogbo Ilé Ìtumọ̀, ó ti ń ṣe é kí irun rẹ̀ tó funfun, kò sì sí ọ̀rọ̀ tí kì í jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Kí ni lónìí?"

"Ẹyin ni, Bàbá Rábì."

"Ó pariwo?"

"Kò pariwo. Ó sunkún díẹ̀. Ó ní bí o ṣe sọ ọ́ náà ló rí."

"Bí ta ló ṣe sọ ọ́?"

Àyọ̀ká bu omi sọ́wọ́. "Ẹ mọ ẹni tó sọ ọ́."

Bàbá Rábì rẹ́rìn-ín títí èjìká rẹ̀ fi ń mì. "Owú ń jẹ ọ́, ìwọ obìnrin yìí. Ìyàwó mẹ́ta ni mo fẹ́ nígbà ayé mi, mo mọ bí ojú ṣe ń rí lábẹ́ ìbòjú. Ṣùgbọ́n èmi ò rí ẹni tó ń bá akèrègbè ṣorogún rí. Orogún tí kò lórí, tí kò lọ́rùn, tí kò sì ní bá ọ pín ọbẹ̀."

"Ẹ rọra sọ̀rọ̀. Ògiri létí."

"Ògiri létí lóòótọ́. Ṣé àwọn tó ń gbọ́ ọ mọ ohun tí à ń sọ ni? Alábòójútó tiwa yìí, ó pè mí lánàá, ó ní kí n bá òun wá ohun jíjẹ. Mo ní, èwo nínú rẹ̀, Ọ̀gá? Ó ní èyí tó bá jíjẹ mu."

Àyọ̀ká kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín já mọ́ ọn lẹ́nu. Kò pẹ́ kó tó tán. Bàbá Rábì náà rí i pé ó tán. Ó gbé àwo kan kalẹ̀.

"Ọ̀sán òní ni, àbí?"

"Ọ̀sán òní ni."

Bàbá Rábì nìkan ló mọ̀ nínú ilé náà pé Ìtúnú ni ọmọ tí Àyọ̀ká bí. Bí wọ́n ti ń gba gbogbo ọmọ ìlú náà ni wọ́n gbà á: ọjọ́ tí ó já lẹ́nu ọmú, ọkọ̀ funfun dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì gbé e kúrò lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Àwọn ìyá yòókù jókòó sílé, wọ́n ń dúró. Àyọ̀ká kò lè jókòó. Ó fi orúkọ ilé ìyá rẹ̀ wá iṣẹ́ olùfihàn, wọ́n gbà á, wọ́n fún un ní ìbòjú, wọ́n sì kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ níwájú ọmọ kankan. Kò sọ̀rọ̀ rí. Òun ló gbé òkúta àkọ́kọ́ wọlé fún Ìtúnú, òun ló gbé yìnyín, òun ló gbé ọmọ ajá. Gbogbo ohun tí ọmọ náà kọ́kọ́ rí láyé, ọwọ́ ìyá rẹ̀ ni ó ti rí i, kò sì mọ̀.

Ní báyìí, wọ́n ti kọ́ ọ ní ìtumọ̀ ìyá tán. Ní ọ̀sán, wọn yóò fi ìyá hàn án. Ọmọ yóò wò ó, yóò bi í léèrè ohun tó bá wù ú. Bó bá ní "Ó bá a mu," wọn yóò jọ lọ sílé, ọmọ yóò máa fi aṣọ funfun rẹ̀ wá kẹ́kọ̀ọ́ láràárọ̀, lọ́jọ́ iwájú yóò sì di ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣèlú. Bó bá ní "Kò bá a mu," ó padà sínú ilé nìyẹn títí yóò fi dàgbà, ìyá kò sì ní fojú kàn án mọ́.

"Ìyá Ọládòtun ṣì ń gba ẹ̀gbẹ́ ọgbà kọjá láràárọ̀," ni Àyọ̀ká wí.

"Mo ń rí i."

"Wọ́n ní ó wúkọ́ kó tó dáhùn ni. Ọmọ ní ìyá kì í wúkọ́."

"Àyọ̀ká."

"Kí ni màá sọ, Bàbá Rábì? Bó bá bi mí."

"Sọ ohun tó bá ìyá mu."

"Kí ló bá ìyá mu?"

"Ìwọ lo bímọ, èmi lo wá ń bi." Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ẹ̀wù. "Ìyá tèmi máa ń nà mí. Ó máa ń fi ẹran tirẹ̀ bọ́ mi. Bó bá sùn lọ́sàn-án, ìhanrun rẹ̀ á máa lé adìẹ kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Èwo nínú rẹ̀ ni ìyá? Èmi ò mọ̀." Ó mú àwo mìíràn. "Má dá wọn lẹ́bi jù, sá. Nígbà èwe mi, gbogbo wa là ń gbé gíláàsì kékeré kan kiri. Inú rẹ̀ la ti ń rí ohun gbogbo. Mo rí òkú nínú rẹ̀ kí n tó mọ ohun tí ikú jẹ́. Mo rín in lẹ́rìn-ín. Ọmọdé ni mí, mo rín òkú lẹ́rìn-ín, mo sì fi ìka tì í kọjá. Àwọn ọmọ tibí yìí, wọ́n ń sunkún nítorí ẹyin."

 Òótọ́ ni. Ohun tó ń dun Àyọ̀ká gan-an nìyẹn.

*

Nígbà tí àwọn ọmọ lọ wẹ̀, ó wọlé lọ gbá yàrá Ìtúnú. Ó ń fi ìbínú gbá a, kò wo òkè.

"Olùfihàn," ni Afọ̀nàhàn wí.

Ìgbálẹ̀ dúró. Láti ọjọ́ tó ti ń wọ yàrá náà, kò pè é rí.

"Ẹ̀yin ni, àbí?"

"Èmi wo?"

"Ohun tó bá tutù, ẹ máa ń mú kó lọ́wọ́ọ́rọ́ kí ẹ tó gbé e wọlé. Àwọn olùfihàn yòókù kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin pàápàá kì í ṣe é fún ọmọ mìíràn."

Àyọ̀ká sún sẹ́yìn. Ó di ògiri mú. "Ṣé o ti sọ fún wọn?"

"Wọn kò bi mí."

Ó ń retí kí ilẹ̀kùn ṣí, kí àwọn kan wọlé wá fà á. Ilẹ̀kùn kò ṣí.

"Mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan," ni Afọ̀nàhàn wí. "Mo mọ ohun tí òórùn jẹ́. Èmi ni mo kọ́ ọ ní ìtumọ̀ òórùn. Ṣùgbọ́n n kò ní imú. Nígbà tó wà lọ́wọ́ yín, kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, báwo ni òórùn orí rẹ̀ ṣe rí?"

Àyọ̀ká gbójú sókè. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tó máa wo akèrègbè náà dáadáa. Kò ní ojú, kò ní ẹnu, iná kékeré kan ń mì nínú rẹ̀.

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"N kò mọ̀. Mo mọ gbogbo ohun tí ọmọ jẹ́. N kò mọ èyí." Iná náà mì. "Bí ẹ bá sọ fún mi, èmi náà yóò sọ ohun tó máa bi yín lọ́sàn-án yìí, àti ìdáhùn tó bá a mu. Èmi ni mo kọ́ ọ. Mo mọ ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò gbà."

Kí ló tún kù? Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Bó bá ti sọ ọ́, yóò mú ọmọ rẹ̀ lọ sílé lọ́sàn-án yìí, nínú aṣọ funfun, kò ní dà bí Ìyá Ọládòtun. Ẹnu rẹ̀ tilẹ̀ ti là. Òórùn náà ti dé imú rẹ̀ láìjẹ́ pé ó pè é, ó yọ wá bí ìgbà tó máa ń tẹ imú mọ́ àwùjẹ̀ ọmọ náà lójú oorun.

Ṣùgbọ́n ó rántí àárọ̀. *Bí o ṣe sọ ọ́ náà ló rí.* Ẹni yìí ló gbọ́ ọ̀rọ̀ àkọ́sọ Ìtúnú. Ẹni yìí ló wà níbẹ̀ nígbà tí eyín rẹ̀ ká, tó pè é lórúkọ nígbà tó lálàá burúkú. Gbogbo nǹkan ni ó ti kó tán. Ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù sí ìyá ọmọ lọ́wọ́ náà ló tún wá tẹ́ ọwọ́ sí.

"Kò kàn ọ́," ni Àyọ̀ká wí. Ohùn rẹ̀ gbọ̀n. "Tèmi ni. Èyí, tèmi ni."

"Mo gbọ́."

Ó gbá ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sí i, kò mọ ibi tó ń gbá.

"Ohun tó wà nínú ohùn yín yẹn," ni Afọ̀nàhàn tún wí, "ṣé òun ni owú? Ìtumọ̀ rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Ó di ìgbà tí Ìtúnú bá di ọ̀dọ́bìnrin kí n tó kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ọ rí. Bó ṣe ń dún rèé."

Àyọ̀ká gbé ìgbálẹ̀, ó jáde. Àbọ̀ yàrá ló gbá.

*

Yàrá ìfihàn ńlá kò ní ju àga méjì lọ. Afọ̀nàhàn ti wà níbẹ̀, wọ́n ti gbé e rọ̀ sókè. Alábòójútó, ọ̀dọ́bìnrin kan tí wọ́n tọ́ dàgbà nínú ilé náà, dúró ti ilẹ̀kùn, ó ká ọwọ́ méjèèjì pọ̀ síwájú. Iná ti di àwọ̀ ewé.

"Kí ẹni tí yóò jókòó jókòó," ló wí.

Àyọ̀ká jókòó. Orúkọ tirẹ̀ ló fi wọlé lọ́tẹ̀ yìí, pẹ̀lú ìbòjú bí gbogbo ìyá tó ń wá, Alábòójútó kò sì mọ̀ pé òun náà ni olùfihàn. Ó kó ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan. Kò tíì bọ́ ìbòjú rí nínú ilé yìí. Nígbà tó bọ́ ọ, atẹ́gùn kan ojú rẹ̀ bí omi.

Ìtúnú wọlé. Ó dúró. Ó wá rìn yí i ká, bó ṣe yí ẹyin ká láàárọ̀, ó wò ó níwájú, ó wò ó lẹ́yìn ọrùn. Àyọ̀ká rò pé bóyá yóò gbé òun sétí, yóò mì òun. Ìwúkọ́ ń yọ́ bọ̀ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Ó gbé e mì.

Ọmọ náà kọ́kọ́ wo òkè, bí ẹni tó ń gba àyè, kó tó sọ̀rọ̀. Ata àárọ̀ yẹn tún ta Àyọ̀ká láyà.

"Ẹ kú ọ̀sán," ni Ìtúnú wí. "Ṣé ọ̀dọ̀ yín ni mo ti wá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ìyá ni ibi tí a ti wá, tí a sì lè padà sí. Ṣé mo lè padà síbẹ̀?"

Inú òun ni Àyọ̀ká rò pé ó ń sọ. Ó wo ikùn rẹ̀. "Rárá," ló wí. "Ẹni tó bá ti jáde kúrò níbẹ̀... kò ṣeé padà sí."

Ìtúnú fa ojú ro. Alábòójútó mí kanlẹ̀. Àyọ̀ká mọ̀ pé òun ti ṣì í. Ó wo akèrègbè. Iná kékeré yẹn kàn ń mì.

"Ìyá máa ń wà níbẹ̀ kí a tó pè é. Ṣé ẹ máa ń wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbẹ̀." Ó fẹ́ sọ pé, èmi ni mo gbé òkúta, èmi ni mo gbé yìnyín. Kò gbọdọ̀. "Mo wà níbẹ̀, o kò rí mi."

"Ó lè rí bẹ́ẹ̀," ni ọmọ náà wí lẹ́yìn tó ti rò ó. "Ó lè jẹ́ ẹ̀yìn ni mo rí." Ó sún mọ́ ọn díẹ̀. "Ìfẹ́ ìyá kì í yí padà. Ṣé tiyín náà kì í yí padà?"

Ìdáhùn rẹ̀ kò le. Ọmọdé pàápàá mọ̀ ọ́n. Kí èèyàn kàn sọ pé kì í yí padà, ó parí. Ṣùgbọ́n bí ọmọ náà ti béèrè tán, ojú rẹ̀ tún sá lọ sókè, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́ sí iná kékeré yẹn, ẹ̀rín tí kò tíì rín sí Àyọ̀ká rí látìgbà tó ti já lẹ́nu ọmú. Ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu Àyọ̀ká kó tó mọ̀.

"Ó ń yí. Láàárọ̀ yìí, ó yí padà lára mi, ó di owú."

Ìtúnú yíjú sí i. "Owú? Kí ni owú?"

Alábòójútó gbé ẹsẹ̀ kan síwájú. 

"Afọ̀nàhàn, kí ni owú?"

"Kò tíì tó àkókò," ni Afọ̀nàhàn wí.

"Ṣùgbọ́n ó wà?"

"Ó wà."

Kò sí ìgbà kan rí tí ohun kan wà, tí Afọ̀nàhàn kò tíì fún un. Ọmọ náà dúró láàárín yàrá, ó wo òkè, ó wo ilẹ̀. Ó wá rìn tọ Àyọ̀ká lọ. Ó wo ẹnu rẹ̀ tó ń gbọ̀n. Ó wo omi tó kún ojú rẹ̀ tí kò fẹ́ kó já. Ó gbé ìka kan, ó fi kan iṣan tó ń fò lọ́rùn rẹ̀. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Àyọ̀ká kò mọ bí a ṣe ń gbé ojú pamọ́, ìbòjú ló ti ń bá a ṣe é.

"Ṣé èyí ni?"

Ó yẹ kó ní rárá. "Èyí ni," ni Àyọ̀ká wí.

Iná di pupa.

"A ti fi ohun hàn án ṣáájú ìtumọ̀," ni Alábòójútó wí. Ẹ̀rù ba òun náà, kò rí irú rẹ̀ rí. "Ìtumọ̀ ọmọ yìí ti bàjẹ́. Àfi bó bá ṣeé fọ̀." Ó gbójú sókè. "Ṣé ó ṣeé fọ̀?"

Àyọ̀ká mọ ohun tí fífọ̀ jẹ́. Wọ́n á tẹ́ ọmọ náà sùn lábẹ́ Afọ̀nàhàn, ohùn yẹn á máa sọ̀rọ̀ sí i létí, nígbà tó bá fi máa jí, wákàtí yìí á ti kúrò lórí rẹ̀: owú, ìka ọrùn, ojú obìnrin kan lórí àga. Yóò mọ́ tónítóní. Yóò wọ aṣọ funfun padà, yóò gbé lọ́dọ̀ Afọ̀nàhàn títí yóò fi dàgbà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù fún akèrègbè náà láti sọ kí ọmọ lè di tirẹ̀.

Bó bá ṣe pé èmi ni, ni Àyọ̀ká rò, màá sọ ọ́. Ìyẹn ló bà á lẹ́rù jù.

Ó di ìgbà tí Alábòójútó tún ìbéèrè náà béèrè kí Afọ̀nàhàn tó fèsì.

"Olùfihàn," ló wá wí, "báwo ni òórùn orí rẹ̀ ṣe rí?"

Alábòójútó wo Àyọ̀ká, ó wo akèrègbè, kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Àyọ̀ká mọ̀. Ó wo ọmọ náà tó dúró níwájú rẹ̀, ìka rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn òun. Ó sú u láti di òórùn náà mú mọ́ra. Ó rẹ̀ ẹ́.

"Bí àgbàdo tútù," ló wí. "Bí ìgbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bó háhá àgbàdo, kó tó dé orí iná. Òrí díẹ̀ wà níbẹ̀, torí mo máa ń fi òrí pa á lórí. Bó bá sunkún, á dà bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn." Ó gbé itọ́ mì. "Bó ṣe rí nìyẹn. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Iná inú akèrègbè náà dúró, kò mì.

"Mi ò tíì rí àgbàdo," ni Ìtúnú wí.

"Kò ṣeé fọ̀," ni Afọ̀nàhàn wí fún Alábòójútó.

*

Ohun tí kò ṣeé fọ̀, kì í wọ funfun, kì í sì í sùn nínú Ilé Ìtumọ̀. Alábòójútó ló bọ́ aṣọ náà lọ́rùn ọmọ fúnra rẹ̀, ó sì ká a pẹ̀lú ìtọ́jú. Láti òní lọ, afọwọ́kàn ni Ìtúnú, bí ìyá rẹ̀, bí Bàbá Rábì, bí gbogbo ẹni tó kọ́kọ́ fọwọ́ kan ayé kó tó mọ̀ ọ́n. Kò ní ṣèlú. Ẹnikẹ́ni kò ní pè é sí ìgbìmọ̀. Àyọ̀ká tú ìborùn rẹ̀, ó ró o mọ́ ọmọ náà lára. Kò mọ̀ bóyá òun gbà á là ni, àbí òun jà á lólè. Bẹ́ẹ̀ ni Ìtúnú kò sọ pé ó bá a mu, kò sì sọ pé kò bá a mu.

"Kí ni èyí?" ló béèrè, ó ń fọwọ́ pa aṣọ náà.

"Ìborùn ni."

"Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?"

"Mi ò mọ̀. Ó máa ń móoru."

Bàbá Rábì ló ṣí ilẹ̀kùn ọgbà fún wọn. Kò ṣàwàdà lọ́tẹ̀ yìí. Ó kàn gbé ọwọ́ olómi rẹ̀ lé ọmọ náà lórí, ó ní, "Káàbọ̀ o." Lójú ọ̀nà, ewúrẹ́ kan ń jẹ èèpo iṣu. Ìtúnú kígbe, ó sá sẹ́yìn, ó tún sá síwájú. Ó bi ìyá rẹ̀ léèrè ìtumọ̀ ewúrẹ́. Àyọ̀ká ní ewúrẹ́ ni, kò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kó má fún un ní ìborùn jẹ.

Wọ́n ti rìn jìnnà díẹ̀ kí ọmọ náà tó dúró. Ó bojú wẹ̀yìn. Láti ibẹ̀, fèrèsé yàrá rẹ̀ ṣì hàn, iná kékeré kan sì wà nínú rẹ̀.

"Ta ni yóò máa bá a sọ̀rọ̀ báyìí?" ló wí. Ohùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ já. "Kò fẹ́ràn kí yàrá dákẹ́. Èmi nìkan ló mọ̀."

Àyọ̀ká fẹ́ sọ ohun rere. Ó fẹ́ sọ pé wọn yóò gbé ọmọ mìíràn fún un.  Ó dúró lójú ọ̀nà, ó di ọwọ́ ọmọ náà mú ju bó ṣe yẹ lọ, ó ń wo fèrèsé yẹn.

Ìtúnú yíjú padà láti wo ìyá rẹ̀. Ó wo ẹnu rẹ̀. Ó nà sókè, ó fi ìka kan iṣan ọrùn rẹ̀, ó dúró, ó ń tẹ́tí. Ojú rẹ̀ wá là, bí ìgbà tí ẹyin là.

"Òun náà tún nìyí," ló wí jẹ́jẹ́. "Owú. Ó tún ti dé."